Bàálù alájókòó méjì: wáyà iná, àti bí alternator bá kú lókè

Sátidé

Alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti pèsè iná àti láti kún bátìrì, ti wọ iwájú ẹ́ńjìnì, mo ti fa bẹ́líìtì rẹ̀ le. Ìyẹn ò gba àkókò. Ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí iná ti ń pín, ni iṣẹ́ wà.

Àbúrò mi tó ń bá mi mú wáyà dání bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí nǹkan yìí bá kú lókè, ṣé ẹ́ńjìnì ò ní kú?" Rárá o. Magneto méjì, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe iná tirẹ̀, ló ń ta iná sí púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló sì ń yí wọn. Wọn ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ bátìrì. (Ẹni tó bá lo ìtanná tó gbára lé bátìrì, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ gan-an.) Rédíò, transponder (ẹ̀rọ tó ń fi bàálù han àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú), GPS, iná ìbalẹ̀ àti géèjì epo ni wàhálà máa bá.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ alternator ni pé ó lè kú láìpariwo. Bátìrì á kàn gba ẹrù náà rù, gbogbo nǹkan á máa ṣiṣẹ́, àfi ìgbà tí rédíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé géèjì fóòtì síbi tí ojú mi ò ti lè fò ó, tí mo sì fi iná pupa tó ń ṣẹ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sètò iná náà kó máa ṣẹ́jú tí fóòtì bá wà nísàlẹ̀ 13.0. Bátìrì tó kún, tó sì ń sinmi, kì í ju bíi 12.7 lọ, alternator tó ń ṣiṣẹ́ á gbé e dé nǹkan bíi 14.2. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ 13, bátìrì nìkan ló ń bọ́ wa.

Ọjọ́rú

Mo fi ọ̀pá kọ́pà kejì tó ń pín iná síi fún àwọn ohun tí ò gbọdọ̀ kú: rédíò kan, transponder, GPS. Láti ọ̀pá ńlá, iná ń gba inú diode wọlé, kò sì lè padà. Ọ̀nà kejì wá tààrà láti bátìrì, pẹ̀lú fíúsì àti súìṣì tirẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé mo lè pa master, súìṣì àgbà tó ń so bátìrì mọ́ ọ̀pá ńlá, pátápátá. Kọ́ìlì tó ń di master mú nìkan máa ń jẹ tó áńpíà kan, lásán!

Iná ìbalẹ̀ mi, 100 wáàtì, ń jẹ bíi áńpíà 7. Tí alternator bá ti lọ, òun ni màá kọ́kọ́ pa. Rédíò náà ń jẹ púpọ̀ sí i téèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ju ìgbà tó bá ń gbọ́ lọ, nítorí náà kí ọ̀rọ̀ kúrú.

Sátidé tó tẹ̀lé e

Ìdánwò nílẹ̀, táyà wà nínú ìdènà, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Mo pa apá alternator lára súìṣì master. Géèjì já láti 14.2 sí 12.6 lójú ẹsẹ̀, iná pupa gbéra. Mo tan iná ìbalẹ̀: 12.2. Mo pa á. Mo tan súìṣì ọ̀pá kejì, mo pa master. Rédíò ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹrù tó kù jẹ́ bíi áńpíà 3, bátìrì sì jẹ́ 17 Ah (áńpíà-wákàtí). Lórí ìwé, ó lé ní wákàtí márùn-ún. Èmi ò ní gbà ju wákàtí kan lọ, torí bátìrì ń gbó, òtútù sì ń dín agbára rẹ̀ kù.

Ohun kan kù. Tí regulator, ohun tó ń ṣàkóso fóòtì alternator, bá ya wèrè, fóòtì á gòkè dípò kó wálẹ̀. Mo ti fi ìdáàbòbò tó máa gé alternator kúrò tí fóòtì bá dé 16 síi. Tó bá gé e lókè, màá pa súìṣì, màá tún un tàn lẹ́ẹ̀kan péré. Tó bá tún gé e, ó parí nìyẹn, pápá tó sún mọ́ jù ló kàn.

Orúkọ àwọn fíúsì ni màá lẹ̀ báyìí.