Lathe kékeré àtijọ́: ẹ ṣẹ́ owó kù fún tool

Àbúrò kan ní Ìta-Ọ̀ṣìn bi mí pé ṣé kóun ra lathe (máṣíìnì tó ń yí irin kí tool lè gé e) Myford ML7 tòkunbọ̀ kan tóun rí, mo ní tí bed ẹ̀ (irin gbọọrọ tí ara ẹ̀ yòókù jókòó lé) bá ṣì dáa kó rà á jàre, kó má wo ti ọjọ́ orí. Beeston lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, 1946 ló kọ́kọ́ jáde. Kì í ṣe irú gàgàrà táwọn ọ̀gá wa fi ń tọ́ọ̀n shaft tírélà o, èyí kéré, orí bẹ́ǹṣì ló ń gbé, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń fún un lóyìlì á ṣiṣẹ́ fún yín gan-an ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ bed wò rèé: ibi tó sún mọ́ chuck (ẹnu tó ń di irin mú, tó sì ń yí i) ló máa ń jẹ jù torí ibẹ̀ niṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ gbé saddle (apá tó ń gbé tool rìn lórí bed) síbẹ̀, ẹ mú un le díẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa yí i lọ sápá tailstock (apá tó wà ní ìparí bed, tó kọjú sí chuck), tó bá há lójú ọ̀nà, ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ti jẹ nìyẹn. Ẹ wo mọ́tò ẹ̀ náà, àwọn tó tiléeṣẹ́ wá lè jẹ́ three phase (oníwáyà iná mẹ́ta), iná ilé lásán ò ní gbé e, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ ni. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà lè má gbà á, torí mọ́tò máa ń fa iná ìlọ́po-ìlọ́po tó bá ń gbéra.

Àmọ́ ohun tó ká mi lára jù ni tool, ìyẹn àwọn ohun tí wọ́n fi ń gé irin àtàwọn ohun èlò tó ń bá máṣíìnì rìn. Ẹ̀yàn á ná gbogbo owó ẹ̀ sórí máṣíìnì, kò ní ku nǹkan kan. Ẹ bi ẹni tó ń tà á: chuck ẹlẹ́nu mẹ́ta ńkọ́, ẹlẹ́nu mẹ́rin ńkọ́, change wheel (àwọn jíà tí wọ́n ń pààrọ̀) dà, faceplate (àwo irin roboto tí wọ́n ń de iṣẹ́ mọ́) dà? Àpapọ̀ wọn lè gbówó lórí tó máṣíìnì fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ chuck kan péré lápá yín ká, ẹlẹ́nu mẹ́rin ni kẹ́ ẹ mú. Lóòótọ́ ó máa ń gba sùúrù, torí ẹnu kọ̀ọ̀kan lẹ máa yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ó ń di irin roboto, ó ń di onígun mẹ́rin, ó ń di wúruwùru, tẹ́ ẹ bá sì fi dial indicator (aago tó ń fi hàn bí irin ṣe yẹ̀ sí) tò ó, á wà láàárín géérégé.

Ní ti tool tó ń gé irin, ẹ fi carbide (ohun líle kan tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu tool) sílẹ̀ ná. Eré ló fẹ́, ó sì fẹ́ máṣíìnì tó le koko, eré ML7 ò ju 640 rpm (ìyípo ní ìṣẹ́jú kan) lọ. High speed steel (irin tí wọ́n fi ń ṣe tool, tẹ́ ẹ lè fọwọ́ ara yín pọ́n) lórí irin tó nípọn tó ínǹṣì 1, bíi 400 rpm ti tó o. Ẹ ra ìyẹn, ẹ ra grinder orí bẹ́ǹṣì, kẹ́ ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn, mi ò rí ohun tó dà bíi kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ pọ́n tool kó sì gé irin bó ṣe yẹ. Ẹnu tool gbọ́dọ̀ ṣe déédéé àárín iṣẹ́. Ẹ fi rúlà irin tẹ́ẹ́rẹ́ há àárín ẹnu tool àti irin roboto tó wà nínú chuck (ẹ má tíì tanná sí i o), tí rúlà bá dúró ṣánṣán ó ti dọ́gba, tórí ẹ̀ bá tẹ̀ sọ́dọ̀ yín tool ti lọ sísàlẹ̀ jù, ẹ gé páànù agolo mílíìkì tì í nídìí.

Ẹ má fi rọ́ọ̀dù ìkọ́lé kọ́ṣẹ́, mo mọ̀ pó wà káàkiri Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ ò dọ́gba, ibì kan á rọ̀, ibì kan á le, á kàn máa ba ẹnu tool jẹ́ ni. Idẹ tàbí aluminíọ̀mù ló dáa, kẹ́ ẹ máa kán kẹrosínì sí aluminíọ̀mù kó má baà lẹ̀ mọ́ tool.

Kẹ́ ẹ tó tanná, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ chuck kúrò lára ẹ̀, ẹ ká apá aṣọ, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ rárá torí tí irin tó ń yí bá gbá a mú, ọwọ́ tó wà nínú ẹ̀ ló máa fà lọ. Búrọ́ọ̀ṣì lẹ máa fi gbá ẹ̀ẹ́rún irin, tí máṣíìnì bá ti dúró tán.