Ìwé ìrántí láàárín kòókòó-jàn-án-jàn-án

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ti òní tán nínú ọkọ̀ ni, láàárín Òjọ́tà sí Kétu, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá wa dúró. Ìlà 3 péré.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ò jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè kọ ìwé ìrántí, ẹ má ra ìwé ńlá. Èyí tó wọ àpò ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fi rọ́bà de báírò mọ́ ọn, torí báírò tí a ń wá kiri ló máa ń paná ìfẹ́ àtikọ̀wé. Ẹ kọ déètì, ohun kan tó ṣẹlẹ̀, àti bó ṣe rí lára yín. Ó tán! Ẹ so ó mọ́ ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́, bíi ìgbà tẹ́ ẹ ń dúró kí omi tíì hó. Ẹ má fi sí orí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, oorun á gbé yín lọ.

Bẹ́ ẹ bá sì pa ọjọ́ mélòó kan jẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà lọ dí àlàfo náà. Gbèsè yẹn ló ń mú kí èèyàn pa ìwé tì pátápátá. Ti òní ni kẹ́ ẹ kọ.

Níbo lẹ̀yin ti ń ráyè kọ tiyín?