Máníjà Gbọ̀ngàn Kì í Ṣe Alákòóso Ìgbéyàwó Yín

"Gbọ̀ngàn tí a gbà ti fún wa ní alákòóso lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà a kò ní gba ẹlòmíràn mọ́." Gbólóhùn yìí ni mo máa ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn ìdílé tó ń múra ìgbéyàwó ní Ìbàdàn àti ní Èkó, pàápàá nígbà tí owó tó wà nílẹ̀ kò bá ká ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ ṣe. Iṣẹ́ alákòóso ni mo ń ṣe báyìí, ṣùgbọ́n mo ti fìgbà kan jẹ́ igbákejì máníjà ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan, mo sì mọ ohun tí gbọ̀ngàn ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí yóò máa ṣọ́ ilé wọn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fún yín.

Mi ò fi èyí bú àwọn máníjà rárá. Ẹni tó ń san owó oṣù wọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún, olúwarẹ̀ ló sì ni ilé. Bí ẹ bá ṣe ayẹyẹ yín tán ní Sátidé, ayẹyẹ mìíràn lè wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, máníjà yóò sì jíhìn fún olówó rẹ̀ ní Mọ́ńdè lórí àga tó fọ́, dísẹ́ẹ̀lì tó jóná àti ògiri tí ẹnìkan kan ìṣó mọ́. Òun ló mọ iye ènìyàn tí gbọ̀ngàn náà gbà, òun ló ń rí i pé omi ń yọ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pé ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, pé àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì, tí ọkọ̀ àwọn àlejò kò sì dí ojú ọ̀nà aládùúgbò. Bí ó bá wá sọ fún onílù yín pé kí ó dín ariwo kù, ẹ má rò pé ìlara ni. Ní Èkó, àjọ LASEPA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lè ti ilẹ̀kùn ilé tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ jù pa. Onílù ti lọ ibòmíràn nígbà náà, gbọ̀ngàn ni wọn yóò fi àgádágodo sí lẹ́nu.

Èmi gẹ́gẹ́ bí alákòóso kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ẹni tó ni ilé. Ìdílé ló gbà mí, èmi ni mo sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ kò gbọdọ̀ jókòó ti àna rẹ̀ àtijọ́, pé alásè yóò gbé kúlà ìrẹsì rẹ̀ dé ní aago mẹ́wàá, tí àwọn ìdílé ìyàwó sì fẹ́ wọlé lẹ́yìn ìdílé ọkọ. Máníjà kò mọ ìkankan nínú èyí, kò sì yẹ kí ó mọ̀ ọ́n.

Mo rò pé ohun tó da iṣẹ́ méjèèjì yìí pọ̀ mọ́ wa lójú ni bí a ṣe ń ṣe ìgbéyàwó tẹ́lẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé àgbàlá ilé bàbá ìyàwó, tàbí ojú títì tí wọ́n ta àtíbàbà sí, ni a ti ń ṣe ìgbéyàwó, àwọn ìyàwó ilé náà ló ń se oúnjẹ, àwọn náà ló mọ ibi tí omi wà, ìyálé wọn ló sì ń pàṣẹ. Ẹni tó ni ilé ló ni ìnáwó. Gbọ̀ngàn ló pín in sí méjì. Kódà alága ìdúró àti alága ìjókòó tí ẹnu wọn ń dùn níbi ìdáná kò bá wa dá sí i: ètò ìdáná ni tiwọn, nígbà tí wọ́n bá sì ti parí rẹ̀, wọ́n gba owó wọn, ó di ọ̀dọ̀ oníbàárà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Ọkọ àti ìyàwó ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti tò síwájú, onílù ti ń ki wọ́n lọ ràì, ni iná ìdajì gbọ̀ngàn bá lọ. Àwọn tó ń din ìpápánu ló ki ẹ̀rọ wọn bọ ojú iná kan náà tí àwọn ọlọ́ṣọ̀ọ́ ti kó gbogbo iná aláràbarà wọn sí. Máníjà sáré lọ sẹ́yìn ilé pẹ̀lú oníná rẹ̀, ó ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ ìdín-nǹkan náà, ó yẹ ẹ̀rọ amúnáwá wò, kò sì bèèrè ibi tí ìyàwó wà. Ohun tó yẹ kó ṣe gan-an ló ṣe. Èmi ní tèmi mú tọkọtaya náà wọ yàrá ẹ̀gbẹ́ kí òógùn má baà ba ojú ìyàwó jẹ́, mo ní kí adarí ètò máa kí àwọn àgbà ìdílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì dá àwọn tó ń pín oúnjẹ dúró. Nígbà tí iná dé, àwọn ìyá méjèèjì tó wà níwájú rò pé bí a ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Ká ní máníjà nìkan ló wà níbẹ̀, iná ìbá padà dé, ṣùgbọ́n ìyàwó ìbá ti wà ní ìdúró nínú ooru.

Ibi tí ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ àkókò àti owó. Bí ìwé àdéhùn bá ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ó jáde, máníjà yóò dé ọ̀dọ̀ yín ní aago mẹ́fà, ẹ ó sì san owó wákàtí tó bá lé. Alákòóso ló yẹ kó ti máa wo aago láti ọ̀sán, kí ó sì ní kí wọ́n gé kéèkì kí àwọn àlejò tó máa wá ọ̀nà ilé. Owó tí wọ́n ń pè ní caution náà ńkọ́, èyí tí gbọ̀ngàn ń dì mú títí wọn yóò fi rí i pé ẹ kò ba nǹkan jẹ́? Kí àwọn ọlọ́ṣọ̀ọ́ tó wọlé, mo máa ń bá máníjà yí gbogbo ibẹ̀ ká, mo sì ń ya àwòrán gbogbo ògiri tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí ẹnu lásán kì í gba owó náà padà. Ẹ tún bi í léèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé bóyá wọ́n ń gba owó lórí alásè tàbí ohun mímu tí ẹ kó wá láti ìta, àti bóyá iye tí wọ́n pè ti ní VAT 7.5% nínú. Ní Èkó, òfin ọdún 2009 tún fi owó orí 5% kún iye tí gbọ̀ngàn ayẹyẹ ń gbà, ọ̀pọ̀ ìdílé kì í sì í rí i títí ìwé owó yóò fi dé.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni apá rẹ̀ ká alákòóso. Bí àlejò yín kò bá ju àádọ́ta lọ, tí ilé oúnjẹ kan sì ni ẹ ti fẹ́ ṣe é, máníjà ibẹ̀ lè tó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá àbúrò ìyá kan tí ẹnu rẹ̀ mú, tí kò ní wà lára àwọn tó ń bá ìyàwó jó wọlé, kí ẹ fún un ní ìwé àdéhùn àti nọ́ńbà fóònù alásè, onílù àti ọlọ́ṣọ̀ọ́, kí ẹ sì mú un lọ fojú rinjú pẹ̀lú máníjà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ìyá ìyàwó fúnra rẹ̀.