Gíláàsì omi ni kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bọ́ílà ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tuntun tó bá wọ ilé bọ́ílà (ẹ̀rọ tó ń se omi di sítíìmù, ìyẹn ooru omi), pánẹ́ẹ̀lì tó ń tanná ni ojú rẹ̀ máa ń lọ. Ẹ fà á kúrò níbẹ̀. Gíláàsì tó ń fi ìwọ̀n omi hàn ni kó kọ́kọ́ mọ̀ dájú, torí àìtó omi wà lára ohun tó ń ba bọ́ílà jẹ́ jù, tó sì ń pa òṣìṣẹ́.

Bọ́ílà kékeré tí iná ń gba inú páìpù rẹ̀ kọjá, tí omi sì yí páìpù ká, ni mò ń sọ. (Ti ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Egbin ní Ìkòròdú, tí ẹ̀rọ mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 220 MW lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ló wà nínú páìpù, iná wà níta. Òfin omi kan náà ló ń darí méjèèjì.)

Gíláàsì náà ní táàpù mẹ́ta: ti sítíìmù lókè, ti omi nísàlẹ̀, àti ti ìdànù. Ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má kọjú sí i. Ẹ pa táàpù sítíìmù àti ti omi, kí ẹ ṣí ìdànù. Ẹ ṣí ti omi nìkan: omi gbọ́dọ̀ tú jáde pẹ̀lú agbára. Ẹ pa á, kí ẹ ṣí ti sítíìmù: òun náà gbọ́dọ̀ tú. Ẹ pa á, ẹ pa ìdànù, kí ẹ wá rọra ṣí ti omi. Gíláàsì á kún dókè. Bí ẹ bá ṣí ti sítíìmù, omi á já wálẹ̀ síbi tó yẹ lójú ẹsẹ̀.

Bó bá falẹ̀ kó tó wálẹ̀, ìdọ̀tí ti dí ọ̀nà kan. Bí ọ̀nà sítíìmù bá dí, gíláàsì á máa parọ́ pé omi pọ̀. Omi tí kò mì rárá nígbà tí iná ń jó, ẹ fura sí i.

Ẹ tún dán súìṣì àìtó omi, tó ń pa iná bí omi bá kéré jù, wò lẹ́ẹ̀kan ní ṣíìfù: bí bọ́nà (ohun tó ń dáná sí bọ́ílà) ṣe ń jó, ẹ rọra da omi inú ilé súìṣì náà nù. Bọ́nà gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá kú, ẹ fọwọ́ pa á, kí ẹ pe oníṣẹ́. Àwọn kan á fi wáyà so súìṣì yìí pa kí iṣẹ́ má dúró. Ìwà apànìyàn nìyẹn.

Bí omi bá ti pòórá nínú gíláàsì, ẹ pa bọ́nà àti pọ́ǹpù, kí ẹ jẹ́ kí bọ́ílà tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má fa omi sí i! Páìpù tó ti pọ́n bá pàdé omi tútù, irin á ya, omi á sì di sítíìmù lẹ́ẹ̀kan náà. Lítà omi kan ń di bí 1,600 lítà sítíìmù nínú afẹ́fẹ́ lásán.

Ọ̀rọ̀ omi fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Bí sọ́fítínà, ẹ̀rọ tó ń yọ ohun líle kúrò nínú omi, kò bá ṣiṣẹ́, ohun funfun líle á dì mọ́ páìpù bí ti ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù, irin á gbóná jù. Ẹ mú omi táǹkì tó ń lọ sínú bọ́ílà gbóná tó 85°C, kí ọ́síjìn lè jáde. Òun ló ń jẹ irin níhòníhò. Ohun tó yọ́ sínú omi bọ́ílà kò gbọdọ̀ ju 3,500 ppm (ìpín nínú mílíọ̀nù kan) lọ, àfi bí ìwé ẹ̀rọ bá sọ ohun mìíràn.

Fún dída omi ìsàlẹ̀ bọ́ílà nù, kí ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ lè dínkù, ẹ kọ́kọ́ ṣí fáàfù tó ń yára ṣí, lẹ́yìn náà ti oní-yíyí. Nígbà pípa, oní-yíyí ni ẹ ó kọ́kọ́ pa. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ yẹ páìpù ìdànù wò: bó bá ṣì gbóná, fáàfù ń jò.