Ilé Bàbá Wa ní Èbúté Mẹ́tta: Bí Iṣẹ́ Ṣe Ń Lọ

Sátidé àkọ́kọ́

Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fẹnu kò, a ti bá olórí ẹbí sọ̀rọ̀: a máa ta ilé náà. Ayálégbé tó kẹ́yìn ti kó lọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ padà síbẹ̀ nínú wa. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ igi ni mo fi ń najú, mo wá bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n fi àtúnṣe sílẹ̀ fún mi. Éjẹ́ǹtì ní ká má yọ ara wa lẹ́nu, pé ilẹ̀ lẹni tó bá rà á ń rà, wíwó ni yóò wó o. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì tún lè jẹ́ ẹni tó máa kó ọmọ rẹ̀ wọ̀ ọ́ ni. Onítọ̀hún ni mò ń tún un ṣe fún.

Páànù méjì tó ń jò, a ti pààrọ̀ wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Sátidé kejì

Ògiri yàrá ẹ̀yìn ń bó láti ìsàlẹ̀ títí dé orúnkún mi. Ohun funfun kan bí iyọ̀ hù lára rẹ̀. Béèyàn bá fọwọ́ pa á, á dà wálẹ̀ bí eérú. Akunlé tí mo pè wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi skrídìn bò ó ká kun ọ̀dà lé e. Kí òjò tó tún dé, ẹ ti tà á." Mo fún un lówó ọkọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ ara mi bo àìsàn ilé kí n wá tà á fún ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ha ibi tó ń bó kúrò, mo gé náílọ́ọ̀nù kan, mo fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri. Bí omi bá sẹ̀ sí ojú náílọ́ọ̀nù tó kọ sí yàrá, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló lọ́rinrin, kí fèrèsé máa wà ní ṣíṣí ti tó. Bó bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, inú ògiri lomi ti ń wá. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù ti làágùn, omi tó wà níbẹ̀ ń kán.

Bàbá bíríkìlà kan láti Ọ̀yìngbò ló mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n mú mi lọ. Láti ọdún pípẹ́ la ti ń da kọnkéré lé kọnkéré sí àgbàlá nítorí ẹrẹ̀, títí tí àgbàlá fi ga ju ilẹ̀ yàrá lọ. Òjò bá ń jókòó ti ògiri. "Ẹ̀yin náà lẹ ń fún un lómi mu," ni Bàbá wí. A fọ́ kọnkéré tó fara ti ògiri náà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, a gbẹ́ ojú omi tó lọ já sí gọ́tà, a sì ha símẹ́ńtì tó ti kú títí dé búlọ́ọ̀kù. Bàbá ní kò sí rírẹ́ o, àfi tó bá gbẹ.

Sátidé kẹta sí ìkẹfà

Ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ìrókò ni, ó wúwo débi pé èèyàn mẹ́ta ló bá mi gbé e kalẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú, eruku rẹ̀ sì léwu fún ọmọdé, nítorí náà omi ni mo fi ń rin ín kí n tó ha á, mi ò ha á ní gbígbẹ. Àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ṣí, búlúù wà lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ mílíìkì lábẹ́ búlúù, kí igi tó yọjú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣa èépá búlúù kan, wọ́n ní, "Èyí ló wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ." Wọ́n fi í sínú pọ́ọ̀sì wọn.

Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ férémù. Mo ra ìrókò ní ọjà plánkì Mushin, mo gé ibi tó jẹrà kúrò, mo so tuntun mọ́ ògbólógbòó.

Láti ìgbà tí wọ́n ti wó Ilojo Bar ní Tinúbú lọ́dún 2016, ilé àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé, tí ìjọba ti kéde bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, n kì í wo ilẹ̀kùn àtijọ́ ní ìwòkuwò mọ́. Nítorí náà ṣíkúrúù ni mo fi de ti wa, mi ò kan ìṣó kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá tiẹ̀ máa wó ilé, kí wọ́n lè tú ilẹ̀kùn ní odindi.

Sátidé kẹsàn-án

Mo tún lẹ náílọ́ọ̀nù. Iwájú gbẹ, ẹ̀yìn gbẹ. Bàbá rẹ́ ògiri. Fèrèsé náà ti parí.

Sátidé kejìlá

A kun iwájú ilé. Ó wá ku ibì kan, níbi tí bàbá wa ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ara ògiri pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ, nígbà tí àwọn oníjìbìtì ń ta ilé onílé káàkiri Èkó. Mo ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúró, pé àwọn oníjìbìtì ò tíì kúrò nílùú, kí ó wà níbẹ̀ títí lọ́yà yóò fi parí ìwé.

A kun gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí i ká. Mo rọ ọ̀dà tó ṣẹ́ kù sínú agolo kékeré, mo dé e pinpin, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn.