Sore kì í ṣe egbò nìkan

Ọjọ́ kejì Ojúde Ọba ni, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹsẹ̀ ṣì ń ro gbogbo wa nítorí ìdúró àná. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nílùú Ọba, gbé gàrí wá fún mi, ó ní: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló yàtọ̀ nínú ache, pain àti sore? Ṣebí ìrora náà ni gbogbo ẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn bá mi níbi tó ń dùn mí. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ náà, màmá òyìnbó kan sọ fún mi lóru pé, "My heel is sore." Nílé, egbò là ń pè ní sore. Mo tan iná, mo gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, mo wo gìgísẹ̀ méjèèjì, mi ò rí egbò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tílẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì fi ìka tẹ ibẹ̀, màmá ké. Ibẹ̀ ti pọ́n, bí nọ́ọ̀sì sì ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, pípọ́n náà ò parẹ́. Bí egbò tí ìdùbúlẹ̀ ń dá síni lára ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí awọ tó bó rárá. (Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í tètè hàn.) Màmá ti sọ fún mi, mi ò gbọ́ wọn yé.

Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí bàtà ti fún un lánàá. Ó fajú ro.

"Sore nìyẹn, awọ ìbáà bó, ìbáà má bó. Orúnkún rẹ tó ń ro ọ́ ṣáá látàná, tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ache nìyẹn. Pain gbòòrò ju méjèèjì lọ. Èyí tó ń gún ni bí abẹ́rẹ́, pain ni, wọn kì í pè é ní ache."

Èdè wa ló tiẹ̀ pín in jù níbí yìí: orí ń fọ́, inú ń run, ẹsẹ̀ ń ro, egbò ń ta. Gẹ̀ẹ́sì kó orí, inú àti eyín sábẹ́ ache kan ṣoṣo, ó wá yọ ọ̀nà ọ̀fun sọ́tọ̀: sore throat.

"Má dá a rò fún aláìsàn," mo ní. "Bi wọ́n."

Ó fa bírò yọ, ó kọ ọ́, ó kà á sí mi létí: "Does it hurt when I touch it, or does it ache all the time?"