Ọmọ ayò mẹ́wàá àti ife-ẹ̀yẹ kan

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 2024, Equatorial Guinea na Côte d'Ivoire ní góòlù mẹ́rin sí òdo ní Abidjan, lójú àwọn onílé gbogbo. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ni Super Eagles ti fi pẹ́nárítì Troost-Ekong nà wọ́n ní oókan sí òdo. Póìǹtì mẹ́ta péré ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì jẹ gbèsè góòlù mẹ́ta, ìyẹn ni pé góòlù tí wọ́n gbá sílé wọn fi mẹ́ta ju èyí tí àwọn gbá wọlé lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jean-Louis Gasset, kúrò lórí àga kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìdíje ṣì kù fún wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kejì, ẹgbẹ́ yìí kan náà ló gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ wa lọ́wọ́, 2-1.

Lẹ́yìn irú eré bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń gba ẹnu àwọn tó wà nílé ìwòran ní Adó-Èkìtì, láti Ìjìgbò dé Básírì. Wọ́n á ní, “Orí wọn ló bá wọn ṣe é.” Wọ́n á tún ní, “Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ò mọ nǹkan kan.” Ẹnu ẹnì kan náà ni méjèèjì sábà máa ń jáde. Bó bá jẹ́ orí ló ṣe é, kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá jẹ̀bi? Bó bá sì jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló bà á jẹ́, kí ni ti orí níbẹ̀? Èrò tèmi ni pé oríire ń ṣiṣẹ́ nínú ìdíje kúkúrú ju bí a ṣe ń rò lọ, ó sì ṣeé wọ̀n.

Ẹ wo bí Côte d'Ivoire ṣe yọ ná. Orílẹ̀-èdè 24 ló lọ, gúrúpù mẹ́fà, ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni kìíní àti ẹni kejì nínú gúrúpù kọ̀ọ̀kan kọjá, ìyẹn jẹ́ 12. Àyè mẹ́rin tó kù di ti àwọn tó ṣe ipò kẹta, mẹ́rin tó bá dára jù nínú mẹ́fà. Guinea àti Namibia ní póìǹtì mẹ́rin-mẹ́rin, Mauritania ní mẹ́ta pẹ̀lú gbèsè góòlù kan. Côte d'Ivoire ló gba àyè ìkẹyìn.

Ní ọjọ́ 22 yẹn gan-an, Ghana ń lu Mozambique ní 2-0 títí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú fi pé. Ká ní wọ́n dì í mú ni, Íjíbítì ni ì bá ṣe ipò kẹta ní gúrúpù náà, pẹ̀lú póìǹtì mẹ́ta láìjẹ gbèsè góòlù kankan, Côte d'Ivoire ì bá sì ti kógbá wọlé. Mozambique dá góòlù méjèèjì padà nínú àfikún ìṣẹ́jú. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ọ̀mì lásán ni Zambia nílò níwájú Morocco láti gba àyè yẹn. Hakim Ziyech gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé, Morocco borí, 1-0. Ọmọ Côte d'Ivoire kan ò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù nínú eré méjèèjì.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí a kì í sọ. Sébastien Haller fara pa ní ọrùn-ẹsẹ̀, kò gbá ìṣẹ́jú kan nínú gúrúpù. Àyè tí Mozambique àti Morocco ṣí sílẹ̀ ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ráyè jinná. Òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tó lé DR Congo lọ nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá, òun náà ló sì gbá góòlù kejì sílé wa ní ìṣẹ́jú 81.

Ṣùgbọ́n láàárín ibẹ̀, wọ́n ti fi ènìyàn mẹ́wàá bá Mali ta kàn-ǹ-gbọ̀n. Wọ́n dá góòlù padà ní ìṣẹ́jú 90, wọ́n sì gbá èkejì wọlé nígbà tí 120 ìṣẹ́jú ti pé. Oríire ò lè bá èèyàn sáré fún wákàtí méjì. Ilẹ̀kùn ló ṣí, ẹsẹ̀ tiwọn ni wọ́n fi wọlé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ẹ mú ọmọ ayò mẹ́wàá, ẹ fi ẹfun sàmì sí mẹ́ta nínú wọn. Ẹ dà wọ́n sínú àpò tí ojú ò lè rí inú rẹ̀. Ọmọ ayò tí kò lẹ́fun, ẹ borí. Èyí tó lẹ́fun, ẹ ń lọ sílé. Ẹ mú ẹyọ kan láìwò, ẹ wò ó, ẹ dá a padà, ẹ gbọn àpò náà dáadáa, kí ẹ tó mú òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ ó mú un, nítorí eré kòmẹsẹ̀-ó-yọ mẹ́rin ló wà láàárín gúrúpù àti ife-ẹ̀yẹ. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jáde láìlẹ́fun, ife di tiyín. Ẹ ṣe é nígbà 100, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Nǹkan bí ìgbà 24 lẹ máa gbé ife náà. Ìṣirò rẹ̀ rèé: 0.7 × 0.7 × 0.7 × 0.7, ó jẹ́ 0.24. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni pé wọ́n á gbàgbé láti dá ọmọ ayò padà sínú àpò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iye náà á já sí bíi 17, ẹ ó sì rò pé irọ́ ni mo pa. Ẹ rántí pé ẹgbẹ́ tí a ń sọ yìí lágbára ju gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ. Síbẹ̀, nínú ìdíje mẹ́rin, ẹyọ kan ni yóò gbà.

Níbo ni mo ti rí méje nínú mẹ́wàá? Ẹ jẹ́ ká ní ẹgbẹ́ kan ń gbá góòlù 1.6 wọlé nínú eré kọ̀ọ̀kan, tí alátakò rẹ̀ ń gbá 0.8. Ìlọ́po méjì gbáko nìyẹn. Bí a bá fi ìlànà Poisson, ìyẹn ìṣirò bí ohun tó wọ́n ṣe lè ṣẹlẹ̀ sí, ṣírò rẹ̀, ẹgbẹ́ alágbára náà á borí nínú eré 56 nínú 100, wọ́n á ta ọ̀mì nínú 25, aláìlágbára á sì na alágbára nínú 19. (Ọ̀mì yìí náà, ìdí ọpọ́n ayò la ti mú un wá sórí pápá.) Nínú kòmẹsẹ̀-ó-yọ, kò sí ọ̀mì. Bí alágbára bá gba díẹ̀ ju ìdajì 25 yẹn lọ nínú àfikún àsìkò tàbí pẹ́nárítì, ó di 70. Ẹni tó sì lágbára ju alátakò rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì kò wọ́pọ̀ nínú ìpele yẹn.

Góòlù tó wọ́n ló fà á. Pápá ìṣeré tó wà ní Adó ń jẹ́ orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó sáré gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Barcelona lọ́dún 1992, nínú eré ìje 4 × 100. Nínú eré ìje, bí ọ̀pá kò bá ṣáà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó yára jù ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Nínú bọ́ọ̀lù, ẹ lè fi àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú dára ju ẹnìkejì lọ, kí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kọ lu èékún kó sì wọlé.

Àgbẹ̀ Èkìtì á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó kọ igba ebè, tí ọ̀yà wá jẹ mẹ́wàá níbẹ̀, ìkórè rẹ̀ á ṣì fi hàn bó ṣe mọ oko ro tó. Ẹni tó kọ ebè méje, tí ọ̀yà jẹ méjì, iyán rẹ̀ ti dín kù gidi, kò sì sí bí ẹ ṣe máa fi ìkórè yẹn mọ̀ bóyá ọ̀lẹ ni tàbí akíkanjú. Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ eré 38. Ẹni tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà gbá eré méje.

Ohun tí ìtàn tiwa ń wí náà nìyí. Nínú ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994, ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní gúrúpù Italy ní póìǹtì mẹ́rin-mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó jẹ gbèsè góòlù nínú wọn. Italy gbá góòlù méjì wọlé, Norway gbá ẹyọ kan. Góòlù kan yẹn ló sọ Norway di ìkẹyìn tó ń lọ sílé, tó sì sọ Italy di ẹni ipò kẹta tó kọjá. Èmi àti ẹ̀yin la ṣẹ́gun gúrúpù tiwa, Italy la wá pàdé ní ọjọ́ 5 oṣù Keje. Amuneke ti gbá tiwa wọlé, rẹfirí ti lé Zola tiwọn jáde, ó ku ìṣẹ́jú méjì péré kí Roberto Baggio tó dá a padà. Pẹ́nárítì ló fi gbá èkejì nínú àfikún àsìkò. Italy dé àṣekágbá.

Lọ́dún 2013 tí a gba ife, ọ̀mì méjì la kọ́kọ́ ta, pẹ̀lú Burkina Faso àti Zambia. Níwájú Ethiopia, òdo sí òdo la wà títí di ìṣẹ́jú 80, kí Victor Moses tó gbá pẹ́nárítì méjì wọlé. Zambia tó gba ife lọ́dún 2012 ta ọ̀mì mẹ́ta, ó sì padà sílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà án. Gbogbo wa ló mọ Keshi, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà náà, sí akọni, ó sì tọ́ sí i. Ká ní pẹ́nárítì méjì yẹn ò wáyé ńkọ́, irú orúkọ wo là bá pè é?

Pẹ́nárítì ni ibi tí mo ti fẹ́ dúró díẹ̀. Mítà 11 ni bọ́ọ̀lù jìnnà sí ilé. Bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń wọlé. Bí ẹni márùn-ún tó mọ̀ ọ́n gbá bá tẹ̀ lé ara wọn, nǹkan bí ìgbà 24 nínú 100 péré ni márààrún máa wọlé. Nítorí náà, kí ẹnì kan pàdánù tirẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tó yẹ ká fi lé èèyàn kiri. Ní àṣekágbá ọdún 2000 ní Èkó, Ikpeba gbá tirẹ̀, bọ́ọ̀lù lu igi òkè, ó já bọ́ sẹ́yìn ìlà, àwòrán tẹlifíṣọ̀n fi hàn, rẹfirí ní kò wọlé. Òfin sọ pé gbogbo ara bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọjá gbogbo ìlà. Bọ́ọ̀lù náà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22 lọ láti etí kan dé èkejì, ojú ẹni kan ló sì ń ṣọ́ ọ. Kò sí VAR, fídíò tí wọ́n fi ń tún ìpinnu rẹfirí yẹ̀ wò, nígbà náà. Cameroon gba ife, 4-3.

VAR dé, ó sì tún mú oríire tirẹ̀ wá. Níwájú South Africa lọ́dún 2024, Osimhen ti gbá góòlù kejì wọlé, a ti ń yọ̀, kí wọ́n tó padà lọ wo ẹ̀ṣẹ̀ tí a ti ṣẹ̀ nínú àpótí tiwa ṣáájú. Góòlù wa di pẹ́nárítì fún wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ Nwabali, aṣọ́lé wa, tó mú méjì nígbà tó kan pẹ́nárítì àṣelé.

Ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè ṣe wà, ó kàn jẹ́ pé ó ní ìwọ̀n. Kó ti kọ orúkọ ẹni méje sílẹ̀ kí àfikún àsìkò tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe márùn-ún, nítorí márààrún tó bá kọ kì í sábà ṣì wà lórí pápá nígbà tí eré bá parí. Kí aṣọ́lé ti mọ ibi tí alátakò kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn láti gbá a sí. Kó má jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ gba góòlù mẹ́rin nínú eré tó ti bàjẹ́, torí gbèsè góòlù ló ń pín ipò kẹta. Côte d'Ivoire fẹ́rẹ̀ẹ́ kú síbẹ̀. Kó má ti ìdí ọ̀kan ṣoṣo wo ibi tí góòlù máa ti wá: Boniface fara pa kí ìdíje 2024 tó bẹ̀rẹ̀, Moffi la fi rọ́pò rẹ̀. Ní ti pàṣípààrọ̀ ẹni, Netherlands mú Tim Krul wọlé ní ìṣẹ́jú 120 lọ́dún 2014 nítorí pẹ́nárítì nìkan, ó mú méjì, wọ́n pè é ní ọgbọ́n. England mú Rashford àti Sancho wọlé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní àṣekágbá Euro 2020, méjèèjì pàdánù, wọ́n pè é ní ìwà òmùgọ̀. Èrò kan náà ni. Mo kà á sí àìṣòótọ́ sí akọ́nimọ̀ọ́gbá láti dúró de èsì kí a tó mọ orúkọ tí a máa pè é.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ wa dára gan-an, ẹ mú bébà àti bírò lọ sí ilé ìwòran nígbà ìdíje tó ń bọ̀. Ẹ fa ìlà sí ọgangan àárín bébà, tiwa lápá kan, tiwọn lápá kejì. Nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá gbá bọ́ọ̀lù sílé, ẹ kọ ọ̀kan nínú àmì mẹ́rin: P fún pẹ́nárítì, I fún èyí tó gbá láti iwájú ilé nínú àpótí kékeré tàbí tó sún mọ́ ọn, À fún inú àpótí ńlá, Ẹ fún ẹ̀yìn àpótí. Ẹ má ka Ẹ pọ̀ mọ́ I, torí nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá láti ẹ̀yìn àpótí, èyí tó ń wọlé kì í sábà pé márùn-ún. Ẹ ya P sọ́tọ̀ pẹ̀lú, torí ọwọ́ rẹfirí ló ti wá. Ẹ má kọ ọ́ nígbà tí góòlù bá wọlé nìkan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ìwé wọn jẹ́. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ kò rí sí ẹ̀gbẹ́.

Lẹ́yìn eré mẹ́ta, ẹ ka I ẹgbẹ́ méjèèjì. Bí I tiwa bá jẹ́ 12 tí tiwọn jẹ́ 5, tí a sì ti pàdánù méjì nínú eré mẹ́ta náà, ẹ má tíì bá àwọn tó ní kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá pariwo. Bó bá jẹ́ pé àwa la borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n tí I tiwa jẹ́ 4, tí tiwọn jẹ́ 11, ọmọ ayò ẹlẹ́fun ti pọ̀ ju mẹ́ta lọ nínú àpò wa, a kàn ń mú èyí tí kò lẹ́fun láti ọjọ́ yìí wá ni.